Ojú Èkejì Mi Lára Ògiri Gbọ̀ngán

Nínú pálọ̀ màámi ní Ìrólù, fọ́tò kan wà lára ògiri tí àwọn àlejò máa ń yìn. Ọmọ méjì ló jókòó nínú rẹ̀, ọkùnrin lápá ọ̀tún, obìnrin lápá òsì, wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún, wọ́n sì tẹjú mọ́ kámẹ́rà bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé tó bá ṣẹ́jú pẹ́rẹ́, wọ́n á nà án. Àlejò á ní, "Ẹ wo bí wọ́n ṣe jọra." Màámi á ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí bí wọn ò ṣe ní jọra, nítorí èmi nìkan ni ọmọ méjèèjì.

Ìbejì ni wá. Èkejì mi, obìnrin, ló kọ́kọ́ wá sáyé, òun náà ló sì kọ́kọ́ lọ. Ibà ló mú un lọ nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún márùn-ún, kò sì sẹ́ni tó tíì yà á ní fọ́tò rí. Láyé ìgbà yẹn, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, àwọn òbí tó ti di ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọn ò fẹ́ gbẹ́ ère mọ́, máa ń mú èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò. Onífọ́tò á yà á lẹ́ẹ̀mejì, á so méjèèjì pọ̀ nínú yàrá òkùnkùn rẹ̀, ìbejì á sì tún pé méjì. Bó bá jẹ́ obìnrin ló lọ, tó jẹ́ ọkùnrin ló kù, wọ́n á wọ aṣọ obìnrin fún un. Bí màámi ṣe mú mi lọ sí Ṣàgámù nìyẹn. Wọ́n yà mí tòun ti ṣòkòtò, wọ́n bọ́ ọ, wọ́n wọ kaba sí mi lọ́rùn, wọ́n wé gèlè kékeré fún mi, wọ́n tún yà mí. Mo rántí pé kaba náà ń yún mi. Mi ò rántí nǹkan mìíràn nípa ọjọ́ náà, mi ò sì rántí ojú èkejì mi rárá.

Obì ni màámi ń tà. Ó ń rà á ní tútù lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ó ń bó o, ó ń ṣà á, ó ń fi ewé dì í sínú agbọ̀n, ó sì ń kó o lọ fún àwọn Hausa ní Sábó Ṣàgámù. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà, mo wálé fún ìsinmi, mo bá a lórí àpótí níbi tó ti ń bó obì. Bàbá mi ti ṣaláìsí nígbà yẹn, àwa méjì péré la kù nínú ilé. Ó sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ obì náà ló ń sọ.

"Mé è rí ojú ẹ̀ mọ́."

Mo ní, "Ojú ta ni, Màámi?"

"Èkejì ẹ. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ti pajú dé, mo máa ń rí i. Ní báyìí, tí mo bá pajú dé, ìwọ ni mo ń rí, o wé gèlè."

Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò bá mi rín in. Ó ju obì kan sínú agbọ̀n, ó mú òmíràn.

"Ìwọ tí wọ́n ń kọ́ ní àwòrán," ó ní, "yà á fún mi kó tó lọ tán."

Gbogbo ìsinmi náà ni mo fi yà á. Màámi á jókòó tì mí, á máa júwe: etí rẹ̀ kò fẹ̀ tó tèmi, àgbọ̀n rẹ̀ rí ṣóńṣó, bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ á kọ́kọ́ yẹ̀ sápá kan. Èmi á yà, èmi á pa á rẹ́, èmi á tún un yà. Bí mo bá gbé e fún un, á gbé e jìnnà sójú, á wò ó, á ní, "Ìwọ nìyí." Ó ń sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò fẹ́ kó dùn mí, bẹ́ẹ̀ ó dùn mí gan-an. Olùkọ́ ń fún mi ní máàkì tó pọ̀ ní kíláàsì, àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbé ìwé wá kí n bá wọn ya ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó le, ojú ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá mi ń fẹ́ ni mi ò lè yà.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì wa kò jìnnà sí Ṣàgámù. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, a máa ń ṣe ohun tí a ń pè ní Ọjọ́ Àwòrán. A máa ń ta okùn aṣọ láti ògiri dé ògiri nínú gbọ̀ngán, a ó sì fi pẹ́ẹ̀gì há ìwé àwòrán wa kọ́ sórí rẹ̀: ìtàn ọlọ́pàá, ìtàn ìjàpá tó wọ ṣúútù, ìtàn àwọn tó ń tò láti ra mílíìkì àti ṣúgà, nítorí àsìkò tí a wà nìyẹn. Àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á wá, wọ́n á fọwọ́ ìdọ̀tí kan gbogbo rẹ̀. A máa ń pe ọ̀gá kan láti Èkó tó ń ya ẹ̀fẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, á jókòó nídìí tábìlì, á sì máa ya orí àwọn àlejò ní ńlá, ara wọn ní tíńtín. Àwọn àgbàlagbà tó lọ́wọ̀ ní Ìpẹ̀rú àti Ìkẹ́nnẹ́ ń tò kí wọ́n lè bú wọn báyìí, wọ́n sì ń dúpẹ́.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, olùkọ́ wa kan ti òkè òkun dé pẹ̀lú kámẹ́rà kékeré kan, ó ní a ó ṣe àwòrán tó ń rìn. Inú wa dùn títí a fi gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Fún ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán méjìlá. Kí ọmọ kan tó gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ọwọ́ tìrẹ ti kú. Kò sì sí ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó mọ́ gaara tí a ó yà á sí, kò sí ẹni tó ń kó irú rẹ̀ wọ̀lú mọ́. Ni a bá lọ sí ilé ìwòsàn, a bẹ̀ wọ́n, wọ́n fún wa ní fíìmù ẹ́kísíréè àtijọ́ tí wọn ò lò mọ́. A rẹ wọ́n sínú omi tí àwọn alágbàfọ̀ fi ń mú aṣọ funfun, a sì fi kànìnkànìn fọ egungun ìhà àwọn ará Rẹ́mọ kúrò lára wọn títí wọ́n fi mọ́ gaara. A ó ya àwòrán sí i, a ó fi kámẹ́rà yà á, a ó fọ yíǹkì rẹ̀ dànù, a ó sì tún lò ó fún òmíràn. Bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, kò sí ike tó sinmi.

Ẹnì kan ló máa ń ya àwọn ibi pàtàkì: ibi tí ọmọ ti dúró, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti yíjú. Àwọn yòókù á ya àwọn tó wà láàárín, kí ibi kan lè dé ibi kejì. Èmi ni wọ́n yàn fún àwọn ibi pàtàkì. Mo ní ìtàn mi kò le: ọmọbìnrin kékeré kan ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó ru agbọ̀n obì, ó gbé e kalẹ̀, ó yíjú sí wa. Ó tán. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé èkejì mi ni. Mo rò ó pé bí mi ò bá lè fún màámi ní ojú rẹ̀, ó kéré tán, á rí i pé ó ń rìn.

Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ ìlú Simawa, ló ya àwọn àwòrán àárín fún ibi tí ọmọ náà ti ń yíjú. Ọmọ yìí lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù rárá, ó sì ní ìwé àwòrán tirẹ̀ láti parí, ìtàn awakọ̀ akẹ́rù kan tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gbó bí ajá. Wàràwàrà ló ya tèmi. Nígbà tí mo wo iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ojú kan ti tóbi ju èkejì, tí àgbọ̀n sì yẹ̀. Mo ní mo fẹ́ tún un ṣe. Olùkọ́ ní kí n fi sílẹ̀, ó ní ojú ẹnikẹ́ni kò ní bá a, yóò ti kọjá.

Nígbà tí a ń fi kámẹ́rà yà á, àwòrán yẹn gan-an ló wà lórí tábìlì nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Nígbà tí iná dé, ẹni tó ń tẹ kámẹ́rà kò rántí bóyá òun ti yà á. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún ní bóyá èyí kò wọlé, ó tún tẹ̀ ẹ́. Bí àwòrán tó burú jù nínú gbogbo iṣẹ́ wa ṣe pẹ́ jù lójú nìyẹn, ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn á fi ṣẹ́jú. A rẹ́rìn-ín sí i, a fọ ike náà, a ya agbọ̀n obì sórí rẹ̀. Wọ́n gbé fíìmù náà lọ sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Èkó láti fọ̀, irú èyí tí kò ní nẹ́gẹ́tíìfù tí a lè fi tẹ òmíràn. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà láyé.

Lọ́jọ́ Àwòrán náà, màámi wá. Ó wọ aṣọ tó fi ń lọ gba kọmúníọ̀nù, ó sì gbé obì wá fún àwọn olùkọ́ mi. Mo mú un yí ká àwọn okùn, ó ń ka àwòrán, ó ń béèrè pé kí ló dé tí ìjàpá fi wọ ṣúútù nínú ooru yìí. Ọ̀gá tó wá láti Èkó ya orí rẹ̀ ní ńlá, màámi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo rò pé ọjọ́ náà ti dára, pé ohunkóhun yòówù tí fíìmù náà bá ṣe, èrè ni.

Wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé. Ògbólógbòó òṣìṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, tó ń tọ́jú gbogbo ẹ̀rọ wa, tan ẹ̀rọ fíìmù. Ọmọbìnrin náà yọ lára ògiri, ó kéré, ó ń gbọ̀n díẹ̀, ó ń bọ̀. Àwọn ọmọdé pariwo. Ó ń bọ̀, ó dé, ó gbé agbọ̀n kalẹ̀, ó yíjú.

Màámi di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Òun nìyẹn," ó ní.

Fíìmù ti tán. Àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ti ń jáde lọ sídìí tábìlì ọ̀gá tó ń ya orí. Mo ní, "Ibo nínú rẹ̀, Màámi?"

"Nígbà tó ń yíjú. Kì í ṣe ojú tó fi wò wá lẹ́yìn ìgbà yẹn, tìẹ nìyẹn. Kó tó wò wá. Ó kọjá níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún rí i."

Wọ́n dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, èmi ò wo ọmọ náà, mò ń dúró de ibẹ̀. Mo sì rí ohun tó kọjá. Àwòrán ọmọ Simawa ni, èyí tí mo fẹ́ tún ṣe. Màámi ti nawọ́ síwájú nínú òkùnkùn bí ẹni tó fẹ́ di aṣọ ọmọ mú kó má sáré bọ́ sí títì. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kígbe. Inú mi tún bàjẹ́, nítorí ọwọ́ mi kọ́ ló rí ọmọ náà.

Ó ní kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un ṣe. Ó ní, "Kì í dúró. Ẹ dá a dúró níbẹ̀ kí n wò ó dáadáa."

Òṣìṣẹ́ náà wò mí, ó wo màámi. "Màmá," ó ní, "tí mo bá dá a dúró, yóò jó. Irin tó ń dáàbò bo fíìmù lọ́wọ́ ooru iná ti já lára ẹ̀rọ yìí. Bó ṣe ń sáré ni kò ṣe jó."

Mo sáré wá ọ̀rẹ́ mi nídìí okùn rẹ̀. Mo ní kó wá tún ojú kan yà fún mi, èyí tó yà nígbà tí ọmọ ń yíjú. Ó ní èwo nínú wọn? Kò rántí ọ̀kankan. Mo bẹ̀ ẹ́, ó mú pẹ́ńsù, ó yà á tọkàntọkàn, ó fara balẹ̀ bí kò ṣe fara balẹ̀ rí látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó rẹwà. Ojú méjèèjì dọ́gba. Màámi wò ó, ó ní o ṣé ọmọ mi, ó dá a padà fún un. Ike tó yà á sí lákọ̀ọ́kọ́ ni mi ò lè sọ fún un pé kó mú wá, agbọ̀n obì ti wà lórí rẹ̀, wọ́n sì ti fọ agbọ̀n náà pẹ̀lú.

Olùkọ́ wa ní kò burú, kí a dá a dúró. Bí ó bá jó, a ó gé ibẹ̀ kúrò, a ó sì so ó pọ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Gbogbo wọn wá ń wo ojú mi. Mo fẹ́ kí ẹnì kan sọ pé rárá. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí ẹni náà jẹ́ èmi, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa sọ fún ìyá mi pé kó má wo ọmọ rẹ̀?

Mo ní, "Ohun tí ẹ bá fẹ́ ni, Màámi."

"Ẹ dá a dúró," ó ní.

Ọmọ náà tún bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè. Ó dé, ó gbé agbọ̀n kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú, òṣìṣẹ́ náà tẹ ẹ̀rọ, ó dúró. Ojú náà kún ògiri. Màámi dìde, ó súnmọ́ ọn, òjìji rẹ̀ bo ìdajì. Ìlà ni mo rí, ìlà tó wọ́, ojú kan tó tóbi ju èkejì, àgbọ̀n tó yẹ̀ nítorí pé ọmọ tó yà á ń kánjú. Màámi wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì.

"Kì í ṣe òun," ó ní. Ó yíjú sí wa, ẹ̀rù ń bà á. "Kì í ṣe òun. Ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹ jẹ́ kó máa lọ."

Ó ti pẹ́ jù. Láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà, àmì pupa kan yọ, ó fẹ̀, ó dúdú, òórùn ike jíjó gba gbọ̀ngán. Òṣìṣẹ́ pa iná ẹ̀rọ. Ó fi sísọ́ọ̀sì gé ibi tó jó náà pẹ̀lú ohun tó yí i ká, bí gígùn ìka kan, kí ojú ìsopọ̀ rẹ̀ lè dára, ó sì so ó. Ó ṣe é pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Nígbà tó tún tàn án, ọmọbìnrin náà ń bọ̀, ó dé, ó gbé agbọ̀n kalẹ̀, ó sì dédé ti ń wò wá tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ojú mi.

Màámi ṣì ń dúró. Fíìmù tán, ògiri funfun, ó ṣì ń dúró.

"Ó dà?" ó ní.

Olùkọ́ wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń ṣàlàyé fún mi pé ohun tí ìyá mi rí kò sí lára àwòrán kankan, pé láàárín èyí tó ṣíwájú àti èyí tó tẹ̀lé e ló wà, ojú ènìyàn ló ń so ó pọ̀. Àlàyé tó dára ni. Mo ti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tèmi náà láti ìgbà yẹn. Lọ́jọ́ náà, mo fẹ́ kó gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́.

A wọ ọkọ̀ ní gáréèjì Ṣàgámù. Mo fẹ́ jókòó tì í lẹ́yìn, ó ní kí n lọ jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú.

"Inú ò bí mi," ó ní. Ó ti pajú dé. "Mo ṣì ń rí i ni. Má jẹ̀ẹ́ kí n wo ojú ẹ."

Mo lọ síwájú. Dígí awakọ̀ wà lókè, mo sì mọ̀ pé bó bá lajú, yóò rí mi níbẹ̀, nítorí náà mo ká ara mi sílẹ̀ lórí ìjókòó títí awakọ̀ fi béèrè bóyá inú ló ń run mí. Mi ò wẹ̀yìn. Mò ń gbọ́ ọ tó ń mí. Gbogbo ọ̀nà náà ni mò ń gbàdúrà kí ọkọ̀ má dúró, kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀. Mi ò gbàdúrà tó bẹ́ẹ̀ nígbà ìdánwò rí.

Nígbà tí a dé Ìrólù, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣílẹ̀kùn fún un, mo dorí kodò, mo sì na ọwọ́ sí i láìwò ó. Ó gbá ọwọ́ mi mú, ojú rẹ̀ ṣì wà ní pípadé. Ó kù díẹ̀ ká wọlé nígbà tí bàbá àgbà kan ládùúgbò wa kí mi kú àbọ̀. Kò sí bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ṣe lè gbọ́ kíkí àgbà kó máa lọ. Mo fi ọwọ́ màámi sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, bàbá náà béèrè ilé-ìwé, mo dáhùn, ó súre fún mi. Nígbà tí mo dìde tí mo yíjú, màámi ti lajú, ó ń wò mí.

"Ó ti lọ," ó ní. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, kí n má baà rò pé ẹ̀bi mi ni.